Bọ́ńpà Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́ títí tí wọ́n á fi sin mí: "Ṣé kì í ṣe kó o kàn fẹ́ ọ̀dà sí i ni?" Gbogbo ẹni tó bá gbé ọkọ̀ wá síbi iṣẹ́ mi ní Sanguéra, létí Lomé ní Togo, ló máa ń sọ ọ́. Wọ́n á sì tún máa fi ọwọ́ júwe rẹ̀, fìì, fìì, bí ẹni ń lé eṣinṣin kúrò lórí ẹran, bí ẹni pé ohun tí mo fi ń jẹun kò ju kí èèyàn ju ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì lọ. Bí mo bá gbọ́ ọ láàárọ̀, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Àwọn èèyàn mi a máa sọ pé ìbínú kò da nǹkan fún ni, pé sùúrù ni baba ìwà. Ó dáa. Baba ìwà náà kò kun ọkọ̀ rí.

Ọ̀dà fífẹ́ kì í pẹ́. Ohun tó máa ń pẹ́ ni gbogbo wàhálà tó ṣáájú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í dúró wò. Irin ṣì rọrùn. Bí o bá ti lè ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, irin á gba ọ̀dà. Ike ni ọ̀tá. Bọ́ńpà iwájú ọkọ̀ akẹ́rù òde òní, ike ni. Àtẹ̀gùn tí awakọ̀ ń gbà gòkè, ike ló bò ó. Ẹ̀yìn dígí ẹ̀gbẹ́, ike. Etí táyà, ike. Oòrùn Lomé á sì ti pa gbogbo wọn títí wọ́n á fi funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó rin inú eérú. Bí o bá fẹ́ ọ̀dà sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìtọ́jú rẹ̀, ọ̀dà náà á jókòó sórí rẹ̀ bí àlejò tí wọn kò fún ní omi; tó bá ṣe díẹ̀, á dìde, á máa lọ. Nítorí náà o gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí o fi sánpépà àti omi ha á títí gbogbo dídán ojú rẹ̀ á fi kú, kí o fi tínà nu ọ̀rá ara rẹ̀, kí o fẹ́ ọ̀dà fẹ́lẹ́ kan sí i tó ń mú kí ike gba ọ̀dà, kí o tó wá fi àwọ̀ lé e, kí o sì fi vernis bò ó lókè, ìyẹn èyí tó mọ́ gaara bí omi tó ń mú kí gbogbo rẹ̀ dán. Kò sí ìka kan lọ́wọ́ mi tí sánpépà kò tí ì bó rí.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ gbogbo èyí. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ìyá kan náà ló bí wa, àwa méjèèjì nìkan ló sì bí. Àwọn òbí ìyá wa ló ti Nàìjíríà wá tẹ̀dó sí Lomé, òun fúnra rẹ̀ ta abọ́ ní ọjà ńlá títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ra ọkọ̀ akẹ́rù àlòkù kan ní èbúté, òun náà ló ń wà á, àlùbọ́sà ló fi ń kó láti àríwá wá sí Lomé. Gbogbo ọdún tó fi wa ọkọ̀ yẹn, kò gbé e wá sọ́dọ̀ mi rí. Bí nǹkan bá ha á lára, ọkùnrin kan ní Nyékonakpoè ló máa ń gbé e lọ bá, iṣẹ́ ọkùnrin náà kò sì tó tèmi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Bí mo bá béèrè, ẹ̀gbọ́n mi á ní òun kò fẹ́ da iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ẹbí. Mo máa ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì bí ẹni gbé eegun ẹja mì.

Ní ọdún tó kọjá, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí a sin ìyá wa, ni mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bonjour, patron," ó ní, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ń pè mí ní ọ̀gá, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá. Ṣé kò sí nǹkan?"

Ó ní ilé iṣẹ́ kan ní Zone franche, ọgbà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà nítòsí èbúté, ń wá ọkọ̀ tí yóò máa bá wọn kó ẹrù lọ sí èbúté. Wọ́n ti wo ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n ti wo táyà, c'est bon, ó dáa. Ohun tó kù ni pé wọn kò fẹ́ kí ọkọ̀ tó bá wọ ọgbà wọn rí bí ẹni tó sá kúrò ní ààtàn. Gbogbo ike ara ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú dúdú kan náà, kó dán, kó má bó. Lundi matin, àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ni wọ́n máa wò ó. Ọkọ̀ mìíràn wà lẹ́yìn tirẹ̀ tó ń dúró kó kùnà.

"Àwọn rọ́bà ara ẹ̀ yìí nìkan ló kù," ó ní, ó sì gbọnwọ́. "Ṣé kì í ṣe kó o kàn fẹ́ ọ̀dà sí i ni?"

Mo lọ mú sípánà.

Ohun tí kò sọ fún mi ni èyí tí mo ti rí fúnra mi. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe bàìbàì. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ló fi ń wá àtẹ̀gùn, kò wò ó. Ó sì ń fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sí àríwá, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ tí kò níná ti ń jáde láti inú òkùnkùn. Láti Zone franche sí èbúté kò jìn, ojúmọmọ sì ni wọ́n ń ṣe é. Bí wọ́n bá gba ọkọ̀ náà, ẹ̀gbọ́n mi á máa sùn sílé rẹ̀ títí yóò fi darúgbó. Bí wọn kò bá gbà á, ọ̀nà jíjìn ló ń padà sí, lọ́jọ́ kan wọ́n á sì wá kan ilẹ̀kùn mi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú tún bí mi pé ó gbé ẹ̀mí ara rẹ̀ kọ́ sára bọ́ńpà, ó wá ń ṣe fìì, fìì.

Mo tú gbogbo ike náà kúrò lára ọkọ̀, mo tò wọ́n sórí àwọn àgbá òfìfo lábẹ́ páànù. Mo fọ̀ wọ́n. Nígbà tí mo gbé sánpépà lé bọ́ńpà, ẹ̀gbọ́n mi súnmọ́ mi.

"Ṣé dandan ni kó o ha gbogbo ẹ̀ ni?"

"Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ wá bá mi ha á ni?"

Ó dúró, ó ń wo omi eléérú tó ń ṣàn láti ara bọ́ńpà lọ sínú gọ́tà, títí mo fi ha á tán. Mo rò pé bí ìdọ̀tí náà ṣe pọ̀ tó ló ń yà á lẹ́nu. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo fi tínà nu gbogbo rẹ̀, mo jó àkísà tí mo fi nù ún nínú àgbá ẹ̀yìnkùlé bí mo ṣe máa ń ṣe, nítorí àkísà tínà kò ṣeé tò jọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní inú ọkọ̀ lòun máa sùn, kí olè má baà wá gbé nǹkan tí a tú sílẹ̀. Mo ní ó dáa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku pupa Sanguéra má baà dìde, mo fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń tu afẹ́fẹ́, fẹ́ eruku kúrò lára bọ́ńpà, mo sì fẹ́ ọ̀dà sí i. Kò tí ì pẹ́ tí mo fẹ́ ẹ tí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ihò róbótó róbótó, káàkiri, bí ìgbà tí òróró bá ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ lójú omi ọbẹ̀. Ọ̀dà ń sá fún ike náà. Ẹni tó bá ti kun ọkọ̀ rí mọ ohun tó fà á: ọ̀rá ni. Ibì kan, lọ́nà kan, ọ̀rá ti kan án.

Mo gbaná jẹ.

"Bọ̀dá, kí lẹ fi ń pa ike ọkọ̀ yìí?"

"Mi ò fi nǹkan kan pa á."

"Ẹ̀yin awakọ̀! Ẹ ó lọ ra omi tó ń mú nǹkan dán lójú títì, ẹ ó fi pa á kó lè rí bíi tuntun, ẹ ó wá gbé e wá fún mi!"

"Mo ní mi ò fi nǹkan kan pa á," ó ní. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo dúró kó gbẹ, mo ha gbogbo rẹ̀ kúrò, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi tínà nù ún débi pé imú mi kò gbóòórùn mọ́. Lẹ́yìn náà mo yíjú sí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, bóyá òun ló ń pọ ọ́ìlì sínú afẹ́fẹ́. Mo tú u, mo da omi inú ẹ̀ nù, mo yí pàìpù rẹ̀ padà. Ó mọ́. Mo bú u síbẹ̀síbẹ̀, mo sì lọ sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ohun kan náà ló tún ṣẹlẹ̀. Ihò róbótó róbótó.

Obìnrin kan wà tó ń dín botokoin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà mi, ará apá Atakpamé, lára àwọn Ifẹ̀ ti Togo tí èdè wọn bá tiwa tan. Òun ló ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ botokoin, ìyẹfun tí wọ́n pò tó wú ni, tí wọ́n ń dín róbótó nínú òróró gbígbóná. Gbogbo ọmọ iléèwé àdúgbò ló ń dúró dè é láàárọ̀. Mo wo èéfín òróró rẹ̀ tó ń gorí ọgbà bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Mo gbà pé ọwọ́ mi ti tẹ ọ̀daràn.

Mo jáde sí i. Mo sọ̀rọ̀ sí i níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo ní òróró rẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ mi jẹ́, pé kó gbé iná rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí n tó bá a gbé e. Mo sọ àwọn ọ̀rọ̀ míì tí kò yẹ kí n sọ sí ìyá ọlọ́mọ.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Patron," ó ní, "mo ti ń dín botokoin níbí látọjọ́ tó pẹ́, ẹ sì ti ń kun ọkọ̀ níbẹ̀ látọjọ́ tó pẹ́. Ṣé òní ni òróró ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà ilé yín? Ẹni tí kò mọ ijó jó á ní ilẹ̀ kò tẹ́."

Àwọn oníbàárà rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó gbé iná náà, ó fi aṣọ di etí agbada, ó wọ́ ọ lọ sí ìdí ògiri òdìkejì, níbi tí oòrùn ti ń pa á. Nígbà tí mo yíjú padà, ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà mi. Gbogbo ẹ̀ ló ṣojú rẹ̀. Ó yíjú, ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kan ló kù. Mo ha bọ́ńpà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, apá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé mọ́, mo nù ún, mo tún jó àkísà rẹ̀. Lálẹ́, oorun kò kùn mí. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kọ́. Ọ̀dà kọ́, nítorí ọ̀dà kan náà ni mo fẹ́ sára ẹ̀yìn dígí, ó sì jókòó rẹ́gírẹ́gí. Bọ́ńpà nìkan ló ń ṣe é. Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lálẹ́ sì kọ́ ni mo ṣe ń bá a láàárọ̀.

Mo kírun ní kùtù ọjọ́ Àìkú, mo gun alùpùpù mi, mo sì pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi lóṣòó síwájú bọ́ńpà, fìlà ìrun ṣì wà lórí rẹ̀. Ìgò lọ́fínńdà kékeré kan wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó ń fi ìka ọwọ́ ọ̀tún pa nǹkan sára bọ́ńpà náà, láti etí kan dé ìkejì, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń para fún ọmọ tuntun. Ẹnu rẹ̀ ń mì.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò pe ẹ̀gbọ́n mi ní ìwọ rí. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ. Mi ò sì kó o jẹ.

"Má bínú," ó ní, ó dìde.

"Ìwọ ni! Ìwọ lò ń ba iṣẹ́ mi jẹ́! Mo bú abiyamọ lórí iná rẹ̀, o dúró, ò ń wò mí, o kò la ẹnu! Ta ni ọkọ̀ yìí wà fún? Ta ni mò ń tìtorí ẹ̀ ha ìka mi?"

Mo fa agolo tínà yọ, mo dà á sórí àkísà. Ó bọ́ sí àárín èmi àti bọ́ńpà.

"Jọ̀ọ́, má tí ì nù ún. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ná."

Mo fi èjìká tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo nu bọ́ńpà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo tẹ ọwọ́ mọ́ ọn, ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mo sì ń wò bí mo ṣe ń nù ún. Mo fẹ́ kó dùn ún. Mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Òróró ìyá wa ni," ó ní.

Mo mọ ọ̀rọ̀ òróró náà. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti ra ọkọ̀, bó bá ti wà nílé lọ́jọ́ Jímọ̀, ìyá wa á ní kí wọ́n mú òun jáde. Òróró ólífì tó ti ka àdúrà sí nígbà àwẹ̀ ló máa ń fi pa bọ́ńpà iwájú. Ó ní bọ́ńpà ló ń ṣáájú, òun ló ń kọ́kọ́ rí ohun tó ń bọ̀. Á wá bá ike sọ̀rọ̀: "Bí o bá pàdé ikú lọ́nà, kí ikú yà fún ọ." Mo máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ó fi ìgò kan sílẹ̀.

"Ó fún mi lọ́sẹ̀ tó kú," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ó ní tí bọ́ńpà bá yí padà, kí n fi sára tuntun. Mi ò ṣí i rí. Kí ni mo fẹ́ ṣí i sí? Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, gbogbo Jímọ̀ tó fi pa á. Ìgbà tó o gbé sánpépà lé e, mo rí omi tó ń ṣàn lọ sí gọ́tà. Mo ní, ìyá wa ló ń lọ yẹn. Ni mo bá ṣí i. Mo fi sí i, o fi tínà nù ún. Mo tún fi sí i, o tún nù ún."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ kò sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún ta ni?" ó ní. "Ta ló ń rí ọ̀rọ̀ bá ọ sọ?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́.

"Ẹ̀yìn ẹ̀!" mo pariwo. "Bọ́ńpà ní ẹ̀yìn! Ọ̀dà kì í dé ẹ̀yìn! Ká ní ẹ ti sọ fún mi ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ fi sí ẹ̀yìn, ẹ ò bá da gbogbo ìgò sí i, kò ní ṣe nǹkan kan!"

Ó dorí ìgò náà kodò. Nǹkan kan kò kán.

"Èyí tó o nù yìí ló kù," ó ní. Ó yíjú sí àgbá tí mo ti ń jó àkísà, ó wo eérú inú rẹ̀, ó sì gbé ojú kúrò.

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ní làákàyè á dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ti wà nínú mi látọjọ́ tó pẹ́ tí mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó wá rí ọ̀nà jáde.

"Èmi ńkọ́?" mo ní. "Kí ni ìyá wa fi pa kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tèmi? Ọjọ́ tí mo ṣí ibí yìí, mo pè é. Ó ní òórùn ọ̀dà ń dí òun nímú. Mo tún pè é. Kò wá. Ó kú láì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí. Gbogbo Jímọ̀ ni wọ́n ń gbé e jáde lọ bá ike! Ṣé èmi kì í pàdé ikú ni? Ẹ wo ohun tí mò ń fà símú lójoojúmọ́!"

"Ó ní ìwọ lágbára," ẹ̀gbọ́n mi ní. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ní bí ikú bá rí ìwọ lọ́nà, ikú ló máa sá."

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń pín fún ọmọ tó bá lágbára. Ọmọ tó bá ń ṣòjòjò, wọ́n á gbé e mọ́ra. Èyí tó bá ń wa ọkọ̀ lọ sọ́nà jíjìn, wọ́n á fi òróró ṣáájú rẹ̀. Èyí tó bá ní ohùn ńlá tó ń jágbe mọ́ èèyàn, wọ́n á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, òun mọ ara rẹ̀ tọ́jú." Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Mi ò sì mọ ẹni tí mo lè mú lára wọn: òkú ni ọ̀kan, èkejì ló dúró níwájú mi pẹ̀lú òfìfo ìgò àti ojú tí kò ríran dáadáa.

Mo gbé àkísà tí mo fi nu òróró náà kọ́ sórí wáyà. Mo wọ́n omi sílẹ̀. Mo fi tínà tuntun àti àkísà tuntun nu bọ́ńpà náà, mo sì fẹ́ ọ̀dà.

Ó tẹ́. Kò sí ihò kan ṣoṣo. Àwọ̀ eérú dúdú náà dùbúlẹ̀ lára ike bí ẹni pé inú ike ló ti wá, nígbà tí mo sì fi vernis lé e, mo rí páànù òrùlé mi nínú rẹ̀, mo rí ojú ara mi. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò kun nǹkan tó dára tó o. Inú mi kò dùn sí i rárá.

Obìnrin oníbotokoin yọjú láti orí ọgbà. "Patron, ilẹ̀ ti tẹ́ lónìí o!"

Mo ní kó gbé iná rẹ̀ padà sáyè rẹ̀. Mo ní kó má bínú.

"Ta ló ń bínú?" ó ní. "Ṣebí ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń bínú ní gbogbo àdúgbò yìí."

Kí ọkàn yín lè balẹ̀: wọ́n gba ọkọ̀ náà lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní ẹni tó wò ó fi ọwọ́ ra bọ́ńpà náà láti etí dé etí, kò rí nǹkan kan sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń sùn sílé rẹ̀ báyìí, ó sì ń wakọ̀ lójúmọmọ. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Gbogbo nǹkan ti gbẹ. A ti dá àwọn yòókù padà sára ọkọ̀, bọ́ńpà nìkan ló kù. A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ kọjá "dì í mú" àti "ẹ gbé e sókè." Mo ti gbé bọ́ńpà náà nílẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dúró. Ó rìn lọ sídìí wáyà, ó ń fọwọ́ wá ohun tó wà lórí rẹ̀, ó sì mú àkísà òwúrọ̀ yẹn sọ̀ kalẹ̀. Mi ò tí ì jó o. Ó ti le gbagidi, ó ti di àwọ̀ eérú.

"Ṣé nǹkan kan ṣì kù nínú ẹ̀?" ó bi mí.

Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Eruku ike ni, àti òórùn tínà, àti ọ̀rá tí kò tó ohun tí èèyàn lè fi pa èékánná.

"Ó kù," mo ní.

Mo yí ẹ̀yìn bọ́ńpà sókè, mo gbé e dání fún un. Ó fi àkísà náà ra ibẹ̀ láti etí kan dé ìkejì. Kò kánjú. Ó sọ fún ike pé bó bá pàdé ikú lọ́nà, kí ikú yà fún un, bí ìyá wa ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ohùn ìyá wa náà. Apá mi ń gbọ̀n lábẹ́ ẹrù náà, mi ò ní kó yára. Nígbà tó parí, ó ká àkísà náà, ó fẹ́ fi sápò.

"Ẹ fún mi," mo ní.

Ó rò pé mo fẹ́ lọ jó o ni. Ó fi í pamọ́ sẹ́yìn. Mo gbé bọ́ńpà kalẹ̀ sórí àgbá, mo gba àkísà náà lọ́wọ́ rẹ̀ tipátipá, àgbàlagbà méjì tí ń jìjàkadì lórí àkísà. Mo fà á ya sí méjì. Mo fún un ní ìdajì, mo ti ìdajì yòókù bọ àpò ṣòkòtò mi.

"Tèmi nìyí," mo ní.

Kò bá mi jiyàn. A gbé bọ́ńpà náà, a so ó mọ́ iwájú ọkọ̀, mo sì gun alùpùpù mi lọ. Tínà tó kù nínú àkísà náà ń ta mí nítan títí mo fi délé, mi ò sì yọ ọ́.